Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé: bí páílọ́ọ̀tì ṣe ń wọn iṣẹ́ bàálù akẹ́rù wò ní Amẹ́ríkà

Tí wọ́n bá ní páílọ́ọ̀tì kan ń rò ó bóyá FedEx lòun máa lọ ni àbí UPS àbí Atlas Air, àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù kó ẹrù ní Amẹ́ríkà, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé èló ni wọ́n ń san. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ta ló fẹ́ máa fò lóru lásán. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn gan-an, ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé èèyàn mélòó ló wà níwájú, ọdún wo ni wọ́n máa fẹ̀yìn tì, ìgbà wo ló máa wá kàn mí. Nọ́ńbà kan ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Seniority ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ò bá sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àlàyé yòówù tí wọ́n bá ṣe fún un nípa owó oṣù, kò ní yé e.

Ẹ fi agboolé Yorùbá wò ó. Obìnrin tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyáálé, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Ẹni ogójì ọdún tó wọlé lónìí, ìyáálé ni á máa pe ọmọ ọdún 25 tó bá nílé, àní ọmọdé tí wọ́n ti bí kó tó dé, kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀, àfi kó wá orúkọ míì fún un. Bí iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìgbà tí páílọ́ọ̀tì bá wọ kíláàsì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní iléeṣẹ́ ni wọ́n máa tò ó sórí lísìtì, nọ́ńbà yẹn ló sì máa sọ irú bàálù tó máa wà, ìlú tó ti máa ń gbéra, ìgbà tó máa di kápútẹ́ẹ̀nì, ọ̀sẹ̀ tó máa gba lífù, bóyá ilé ló ti máa jẹ Kérésì àbí inú òtẹ́ẹ̀lì ní Anchorage. Tí iṣẹ́ bá dínkù tí wọ́n fẹ́ dá àwọn kan dúró, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó lè fojú rere wo ẹnì kan kó gbé e fo àwọn tó kù.

Ibi tó ti le ni pé nọ́ńbà yìí kì í bá èèyàn lọ sílé ọkọ kejì. Kápútẹ́ẹ̀nì tó ti fò ju wákàtí 10,000 lọ, tó bá kúrò ní iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìyàwó tuntun ni, ẹ̀yìn ọmọ tó wọlé lánàá ló máa tò sí, owó ọdún àkọ́kọ́ náà sì ni wọ́n á san fún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti lo ọdún bíi mẹ́wàá níbì kan, bó ti wù kó máa kùn tó, ó ṣòro kó kúrò.

Òfin Amẹ́ríkà ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 65 ò gbọ́dọ̀ wa bàálù fún irú àwọn iléeṣẹ́ ńlá yìí mọ́. 60 ni tẹ́lẹ̀, ìparí ọdún 2007 ni wọ́n sún un síwájú. Torí náà tó bá jẹ́ pé èèyàn mọ ọjọ́ orí àwọn tó wà lórí lísìtì, á kàn mú bírò ni, á ṣírò pé ọdún yìí èèyàn báyìí ń lọ, ọdún tó ń bọ̀ báyìí, á wá mọ ibi tóun máa wà tóun bá pé 45. Ibi tí àgbà bá pọ̀ sí lókè, ọmọdé á tètè gòkè. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí máa ń tan èèyàn jẹ o, torí tí ọjà bá ti dínkù iléeṣẹ́ ò ní gba ẹnikẹ́ni rọ́pò àwọn tó lọ, lísìtì á kàn dúró gbagidi. Lọ́dún 2023 tí ẹrù tó pọ̀ nígbà kòrónà ti dínkù, FedEx fúnra ẹ̀ ló sọ fáwọn páílọ́ọ̀tì ẹ̀ pé ẹni tó bá wù lè lọ bá PSA ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ kékeré tó ń fi bàálù kéékèèké kó èrò fún American Airlines. Àwọn tó sì sá wá sídìí ẹrù torí kí wọ́n lè bọ́ nínú irú iṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kà á!

Owó náà ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wákàtí ni wọ́n fi ń san, iye ọdún téèyàn ti lò àti ipò ẹ̀ ló ń sọ iye tó jẹ́. Ní UPS, bàálù yòówù kí kápútẹ́ẹ̀nì wà, iye kan náà ni, tó bá ti jẹ́ pé ọdún wọn dọ́gba. Ní FedEx, bàálù ńlá àti bàálù kékeré yàtọ̀ síra, ẹni tó wà nínú 777 ń gbà ju ẹni tó wà nínú 757 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ò kéré, torí ní UPS èèyàn lè jókòó sórí bàálù tí ròsítà ẹ̀ bá ilé ẹ̀ mu láìsí pé owó ẹ̀ dínkù, ní FedEx ẹ̀wẹ̀, owó á máa fà á lọ sórí bàálù ńlá níbi tó ti máa tún padà di ẹni ìsàlẹ̀.

Ó wá ku òru. FedEx bẹ̀rẹ̀ ní Memphis nínú oṣù kẹrin ọdún 1973, bàálù 14, páálí 186 péré lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nígbà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é: kí ẹrù gbogbo ìlú pàdé níbì kan lóru, kí wọ́n ṣà á, kó tó di àárọ̀ kó ti padà lọ. Ẹni tó bá dúró létí pápákọ̀ òfurufú Memphis ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ máa rí iná bàálù tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀run bíi ti mọ́tò ní Third Mainland Bridge. Wọ́n á balẹ̀, wọ́n á já ẹrù, páílọ́ọ̀tì á wọnú ilé lọ, yàrá sísùn wà níbẹ̀ fún wọn, á fi orí lélẹ̀ fún wákàtí méjì, ó dín díẹ̀ tàbí ó lé díẹ̀, wọ́n á jí i, aago mẹ́ta mẹ́rin ìdájí ó tún ti wà lójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ náà ni UPS ń ṣe ní Louisville ní Kentucky, níbi tí ẹ̀rọ wọn ti lè ṣa páálí tó lé ní 400,000 láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ á ti mọ́ kó tó dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń gba kápẹ́ẹ̀tì á máa fi ẹ̀rọ pariwo ní kọ́ridọ̀, oòrùn á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì wọlé. Ẹni tí ara ẹ̀ bá gbà á á sọ pé òun ò lè fi pàsíńjà pààrọ̀ ẹ̀, páálí kì í bínú pé bàálù pẹ́, kì í béèrè omi. Ẹni tára ẹ̀ ò gbà á, kò sówó tó máa tún un ṣe.

Òfin ìsinmi ló mú ọ̀rọ̀ òru yìí burú sí i. Lẹ́yìn tí bàálù akérò iléeṣẹ́ Colgan já lẹ́bàá Buffalo ní New York lọ́dún 2009 tí èèyàn 50 kú, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ìsinmi tuntun tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún 2014: tó bá jẹ́ páílọ́ọ̀tì méjì péré ló wà nínú bàálù, wákàtí 9 sí 14 ni wọ́n lè fi wà lẹ́nu iṣẹ́, aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lóru ló kéré jù. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ akẹ́rù sílẹ̀. Wọ́n ní owó tó máa ná wọn ti pọ̀ jù. Akẹ́rù wá ń bá òfin àtijọ́ lọ, èyí tó lè gbà kí èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ dé wákàtí 16. Ní August 14, ọdún 2013, kí òfin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bàálù UPS 1354 já ní Birmingham ní Alabama nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́, páílọ́ọ̀tì méjèèjì kú, àwọn tó ṣèwádìí sì ka àárẹ̀ mọ́ ohun tó dá kún un. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ yẹn gan-an nípa bí wọ́n ṣe yọ akẹ́rù kúrò nínú òfin ìsinmi.

Nítorí èyí, àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ṣe ni páílọ́ọ̀tì akẹ́rù ń wò kínníkínní ju bí ẹni tó ń gbé èrò ṣe ń wò ó lọ, torí ohun tí òfin ò fún un, inú ìwé yẹn nìkan ló ti lè rí i: wákàtí tó gùn jù, iye òru tó lè tẹ̀lé ara wọn, irú òtẹ́ẹ̀lì, ta ló ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé yẹn kì í sì í tètè yí padà. Òfin ọkọ̀ ojú irin ọdún 1926, tí wọ́n fa iléeṣẹ́ bàálù mọ́ lọ́dún 1936, ló ń darí ẹ̀, lábẹ́ òfin yẹn àdéhùn kì í parí, ó kàn máa ń tó ìgbà tí wọ́n lè tún un ṣe ni, ẹgbẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ àfi tí àwọn alárinà ìjọba bá tú wọn sílẹ̀ tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì tún kọjá. Ọdún méjì mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Ní July 2023, páílọ́ọ̀tì FedEx dìbò lórí àdéhùn tí àwọn aṣojú wọn ti bá iléeṣẹ́ fẹnu kò sí, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò gbà, wọ́n bá padà sídìí ọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn páílọ́ọ̀tì Delta, iléeṣẹ́ tó ń gbé èrò, ti fọwọ́ sí tiwọn, èyí tí owó máa fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ẹ lè ro bó ṣe máa rí lára wọn.

Ohun kan tún wà tí ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, òun ni pé ta ló ni ẹrù. FedEx àti UPS ló ni ẹrù tí wọ́n ń gbé. Atlas Air ń yá àwọn ẹlòmíì ní bàálù pẹ̀lú páílọ́ọ̀tì ni, wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yẹn ní ACMI, oníbàárà á wá ní tiẹ̀ ra epo sí i. Ó ní adùn tiẹ̀: páílọ́ọ̀tì lè máa gbé ìlú tó wù ú, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un lọ síbi tí bàálù wà, á fò káàkiri ayé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó lé, Hong Kong, Liège, Anchorage, á wá sinmi nílé láwọn ọjọ́ tó kù. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá kó ẹrù ẹ̀ kúrò, nọ́ńbà dáadáa ò wúlò fún nǹkan kan. Wilmington ní Ohio ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2008, DHL ní òun ò ní gbé ẹrù láàárín ìlú sí ìlú ní Amẹ́ríkà mọ́, ABX Air àti Astar ló ń fò fún wọn láti Wilmington, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ló bá a lọ nínú ìlú kékeré yẹn. Ẹni tó ni ẹrù náà ò bọ́ nínú ẹ̀ pátápátá ṣá: ẹrù iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kúrò lọ́wọ́ FedEx lọ sọ́dọ̀ UPS lọ́dún 2024.

Kéèyàn tó débi tí wọ́n á ti máa fi nọ́ńbà tò ó, wákàtí 1,500 ló máa kọ́kọ́ fò, ìyẹn tí kò bá gba yunifásítì tàbí ológun tó ń dín in kù. Àwọn kan ń fi bàálù Cessna Caravan tó ní ẹ́ńjìnnì kan kó o jọ, wọ́n ń gbé páálí FedEx lọ sáwọn ìlú kéékèèké fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, FedEx sì ní ètò tó ń pè ní Purple Runway láti fà wọ́n gòkè. Ọmọ wa tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ bàálù ní Zaria tàbí Ilọrin, láísẹ́ńsì Nàìjíríà nìkan ò gbé e débẹ̀, ó máa gba ti Amẹ́ríkà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọdún tó bá fi ń wá ìwé ni àwọn míì fi ń gba nọ́ńbà níwájú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá fún ní kíláàsì lóṣù yìí, tó ní òun fẹ́ ṣègbéyàwó kóun tó wá lóṣù tó ń bọ̀, fi máa ń gbọ́ ìbínú lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, torí gbogbo àwọn tó bá wọlé láàárín oṣù yẹn máa wà níwájú ẹ̀ títí yóò fi pé 65. Àwọn tó bá wọlé lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Láwọn iléeṣẹ́ kan, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára social security, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn, ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Láwọn ibòmíràn, ẹni tó dàgbà jù nínú kíláàsì ló ń ṣáájú, ibẹ̀ nìkan sì ni irun funfun ti ń ra nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí.