Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà láàárọ̀ Mọ́ńdè?

Ọmọbìnrin kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street, ní Lagos Island, ló bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bá a bọ̀ lórí fóònù. Mo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ síta, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú ẹ̀ ń dà láàmú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Sáfà kan la ní, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, òun ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún ogójì kọ̀ǹpútà. Láti Túsìdeè dé Fúráìdè, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ti di àárọ̀ Mọ́ńdè, bí ìdajì wọn ni kì í rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà. 169.254 ni mo máa ń rí lórí wọn. Tí mo bá pa sáfà, tí mo tún tàn án, gbogbo ẹ̀ á lọ dáadáa. Ọ̀gá wa ti ń sọ pé àwọn máa wá ẹni tó mọṣẹ́ jù mí lọ. Kí ni mi ò ṣe bó ṣe yẹ?

Ìdáhùn: Káàsán, àbúrò mi. Nínú gbogbo ohun tó o sọ, mi ò rí ibi tó o ti kùnà iṣẹ́ àfi ẹyọ kan: o ń pa sáfà kó o tó ka ohun tó kọ sílẹ̀. Bó bá ti tàn padà tó ń ṣiṣẹ́, àìsàn náà ti sá pamọ́ nìyẹn, ó di Mọ́ńdè mìíràn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. DHCP ni wọ́n ń pe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1993. Ìwé ìlànà rẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní, RFC 2131, jáde ní 1997. Fi wé ẹni tó ń wá yàrá l'Ékòó. Kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ ẹnì kankan, nítorí náà á lọgun sí gbogbo àdúgbò: "Ta ló ní yàrá?" DISCOVER nìyẹn. Sáfà á fèsì: "Yàrá 57 ṣófo," ìyẹn OFFER. Kọ̀ǹpútà á ní, "Èmi máa gba 57 yẹn," ìyẹn REQUEST. Sáfà á wá fọwọ́ sí i, á sì sọ ọjọ́ tí owó ilé máa tán, ìyẹn ACK. Kọ̀ǹpútà kì í dúró dìgbà tí owó ilé tán kó tó lọ sanwó o. Tí àkókò bá ti dé ìdajì, á ti lọ bá sáfà pé kó bá òun sún un síwájú.

169.254 tó ò ń rí yẹn, kì í ṣe ọwọ́ sáfà ló ti wá. Kọ̀ǹpútà ló fi fún ara ẹ̀ nígbà tó lọgun tí, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ẹni tí ò rí yàrá gbà ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó yẹ ká wá nìyí: nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, èwo ni wọn ò sọ, ta ni ò sọ ọ́?

O ti pa sáfà láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Ubuntu máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbà tó ṣáájú. Tẹ èyí, kó o fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́ sí mi:

`journalctl -u isc-dhcp-server -b -1`

Sọ fún mi pẹ̀lú bí iná ṣe ń dé ọ̀dọ̀ sáfà àti switch yín (àpótí tí okùn gbogbo kọ̀ǹpútà já sí) láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó o sì wo iye tó wà níwájú `default-lease-time`, ìyẹn bí owó ilé kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó tán, nínú `/etc/dhcp/dhcpd.conf`.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ohun tó kọ rèé: "No subnet declaration for enp3s0 (no IPv4 addresses)". Ó tún wá kọ "Not configured to listen on any interfaces!" Bẹ́ẹ̀ mo kọ subnet, ìyẹn agbo àdírẹ́ẹ̀sì wa, sínú fáìlì, mo sì ti fún sáfà ní 192.168.10.2 tipẹ́. Lease yẹn, 259200 ló wà níbẹ̀. Ní ti iná, Fúráìdè la máa ń pa gbogbo nǹkan. Àárọ̀ Mọ́ńdè, bàbá tó ń ṣọ́ ilé á kọ́kọ́ tan ínfátà, orí ẹ̀ ni sáfà wà. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé switch, tó wà ní àjà kejì, wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ títí di aago méje ààbọ̀.

Ìdáhùn: Ó ti jáde. Tún ka ohun tó wà láàárín àmì akọmọ́ yẹn: sáfà ní enp3s0, ìyẹn ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun, ò ní àdírẹ́ẹ̀sì kankan. Òótọ́ ló sọ. Lórí Ubuntu ti sáfà, tí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà nínú switch tí iná ò tíì dé, ẹ̀rọ á gbà pé okùn náà ò já síbì kankan, kò sì ní fi 192.168.10.2 sórí ẹ̀. Ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì dúró díẹ̀, nígbà tó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ibi tó máa jókòó sí, ló bá kú. Aago méje ààbọ̀, switch tàn, àdírẹ́ẹ̀sì sáfà padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín fún àwọn yòókù ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó jí i. Ìdí tí pípa sáfà fi ń "wò ó sàn" nìyẹn: nígbà tó o fi máa dé, switch ti wà láàyè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì? 259200 ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gééré. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tàn ní aago mẹ́jọ Fúráìdè, owó ilé ẹ̀ tán ní aago mẹ́jọ Mọ́ńdè. Èyí tí wọ́n tàn ní aago kan ọ̀sán Fúráìdè ṣì ní títí di aago kan, ó sì lè máa lo àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ àtijọ́ nìṣó bí sáfà ò tilẹ̀ dáhùn. Àwọn tó máa ń pẹ́ dé ibiṣẹ́ ní Fúráìdè ni nǹkan ń lọ fún! Mo fẹ́ kó o ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá rẹ bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ iná ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọṣẹ́.

Ohun méjì ni kó o ṣe. Èkíní, kí switch náà wá sórí ínfátà. Kì í jẹ iná púpọ̀. Ìkejì, kí ètò náà máa jí fúnra ẹ̀ bó bá kú. Tẹ `sudo systemctl edit isc-dhcp-server`, kó o kọ èyí sínú ẹ̀:

```
[Service]
Restart=on-failure
RestartSec=15s
```

Láti ìgbà náà lọ, bó bá ṣubú, á máa gbìyànjú ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí switch á fi tàn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ní firewall ni, pé kí n kàn pa á. Ṣé kí n pa á?

Ìdáhùn: Má pa á rárá. Firewall ni aṣọ́nà tó ń yẹ ohun tó ń wọ sáfà wò. Ètò ISC tẹ́ ẹ fi ń pín àdírẹ́ẹ̀sì máa ń gbọ́ igbe kọ̀ǹpútà tààrà lára okùn, kí firewall tó dá sí i, nítorí náà pípa á ò ní tún ohunkóhun ṣe, ńṣe lo kàn máa ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Tó bá jẹ́ dnsmasq, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, lẹ ń lò ni, ìyẹn yàtọ̀. Òun nílò kí ẹnu ọ̀nà 67, tí igbe kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé, wà ní ṣíṣí, `sudo ufw allow 67/udp` sì ti tó.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ lánàá, tí kì í ṣe Mọ́ńdè, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ẹ̀ka àkáǹtì gba 192.168.0 nǹkan kan. Tiwa kọ́ nìyẹn. Wọ́n ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìdáhùn: Onílé mìíràn ti wọ agbo ilé yín nìyẹn. Mo bá irú ẹ̀ pàdé ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló gbà mí, mi ò sì lè gbàgbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń falẹ̀, òṣìṣẹ́ kan bá gbé router 4G ilé ẹ̀ wá, ó ki okùn tó wà lára ògiri bọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí Wi-Fi dé orí tábìlì òun. Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Àmọ́ irú router bẹ́ẹ̀ máa ń pín àdírẹ́ẹ̀sì látìgbà tó bá ti jáde nínú páálí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń tẹ̀ lé. Mo tún sáfà ṣe, mo tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ sáfà ò lẹ́bi.

Ohun tó tú àṣírí ẹ̀ nìyí:

`sudo tcpdump -v -eni enp3s0 port 67 or port 68`

Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kó o wá ní kí ẹnì kan yọ okùn kọ̀ǹpútà kan kó tún fi í padà síbẹ̀. Ohun tí onílé kejì bá fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà nìkan lè má dé iwájú sáfà, nítorí náà tún ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀ka àkáǹtì gan-an, pẹ̀lú orúkọ okùn tirẹ̀. Bó o bá rí OFFER láti ibi méjì, èyí tí kì í ṣe 192.168.10.2 ni àlejò. `-e` á fi nọ́ńbà MAC ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ, hàn ọ́. Ìdá àkọ́kọ́ nọ́ńbà náà ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, switch tó bá ṣeé wọlé sí á sì sọ ihò tó gbà wọlé. Tẹ̀ lé okùn dé ìdí ẹ̀. Kó o fi sùúrù bá ẹni tó gbé e wá sọ̀rọ̀ o. Torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló yẹ kó o tún ṣe. Bí switch yín bá ní DHCP snooping, tàn án, kó jẹ́ ihò sáfà nìkan ló lè pín àdírẹ́ẹ̀sì.

Ìbéèrè: Mo tún rí "no free leases" níbi kan, bẹ́ẹ̀ láti 100 dé 150 la ń pín. Àti pé, àkókò tó wà nínú `/var/lib/dhcp/dhcpd.leases` fi wákàtí kan rẹ̀yìn.

Ìdáhùn: Wákàtí kan yẹn ò ṣe nǹkan kan. Àkókò UTC ló fi ń kọ ọ́, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀. 9:15 tiwa, 08:15 ni wàá rí níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó o bẹ̀rù ni kí aago sáfà gan-an padà sẹ́yìn nítorí pé bátìrì kékeré inú ẹ̀ ti kú, torí ẹ máa ń pa á lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, gbogbo owó ilé àtijọ́ á dà bíi pé ó ṣì kù púpọ̀, yàrá ò sì ní ṣófo. `timedatectl` á sọ bó ṣe rí.

Ní ti àìsí yàrá: láti 100 dé 150 lo sọ pé ẹ ń pín, mọ́kànléláàádọ́ta péré nìyẹn. Ogójì kọ̀ǹpútà, fóònù òṣìṣẹ́, fóònù àlejò, kò lè tó. Láti Android 10 ti 2019 àti iOS 14 ti 2020, fóònù máa ń fi nọ́ńbà MAC tó yàtọ̀ wọ Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá ní orúkọ Wi-Fi méjì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, fóònù kan lè gba yàrá méjì. Fẹ̀ ẹ́ dé 240 fún báyìí. Tó bá yá, kí fóònù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, pẹ̀lú lease wákàtí méjì, ìyẹn 7200.

Mọ̀ pé ISC, àwọn tó ṣe isc-dhcp-server tẹ́ ẹ ń lò, ti dáwọ́ títọ́jú ẹ̀ dúró láti 2022. Kea ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Kò ní kú lónìí, ṣùgbọ́n fi í sínú ohun tó o máa ṣe kí ọdún tó parí.

Mọ́ńdè tó ń bọ̀, tètè dé, má fọwọ́ kan bọ́tìnnì sáfà. Tẹ `systemctl status isc-dhcp-server` ṣáájú ohunkóhun, ya àwòrán ẹ̀, kó o fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo ti máa jí.