Bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àṣẹ lọ́wọ́ wa

Ọmọ kan wá tẹ project rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ fi sọ́fúwíà kan sórí ẹ̀rọ. Ojú sìkíríìnì ṣú bí ìgbà tí NEPA fẹ́ múná lọ, àpótí kan yọ láàárín: Yes, No, àti àyè pásíwọ́ọ̀dù. "Bùrọ̀dá, ta ló tiẹ̀ ní kó máa bi wá ní ìbéèrè?"

Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ ju Windows lọ, ètò Microsoft tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa. Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé ìwádìí Bell Labs, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pín ẹ̀rọ kan lò nígbà náà, kò sì sí bí ilé bẹ́ẹ̀ ò ṣe ní ní olórí. Root ni wọ́n ń pe olórí yìí, àṣegbé ni ohun gbogbo tó bá ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kékeré bá dé, àfi kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ ṣe é ní pásíwọ́ọ̀dù olórí gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Bob Coggeshall àti Cliff Spencer, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo, kọ sudo: gba àṣẹ fún iṣẹ́ kan yìí, kí o sì padà sípò rẹ.

Windows 95 àti 98 ò mọ olórí yàtọ̀ sí àlejò. Windows NT ti 1993 mọ̀ ọ́n, òun ló sì bí Windows XP, tó jáde ní 2001. Àmọ́ nígbà tí XP dé inú ilé, ẹni tó bá ti kọ́kọ́ tò ó ló di ádímínì, ìyẹn olórí ẹ̀rọ, ipò yẹn náà ló sì fi ń ṣe ohun gbogbo títí kan géèmù. Ẹ fojú inú wo baba kan ní Ìjùmú tó pín kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ kajú fún gbogbo ẹni tó bá kí i káàárọ̀. Àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà wá sọ ọ́ di àṣà, wọ́n ń kọ nǹkan sínú fódà Windows fúnra rẹ̀ láìbéèrè. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé, agbára ádímínì ló máa ń bá nílẹ̀.

Windows Vista dé ọjà ní January 2007, pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní User Account Control. Ó pín ádímínì sí méjì: bí o tilẹ̀ jẹ́ ádímínì, agbára ọmọ ilé lásán lo fi ń rìn, àfi ìgbà tí o bá fọwọ́ sí i nínú àpótí. Ṣíṣú tí ojú sìkíríìnì ń ṣú náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó gbé àpótí náà sí ibòmíràn, kí prógíráàmù kankan má bàa bá ọ fọwọ́ sí i.

Ó sú àwọn èèyàn! Apple, tó ń bá Microsoft díje, fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìpolówó. Ní 2008, David Cross tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ṣe é kó lè máa bí àwọn èèyàn nínú ni. Bí inú bá bí wa, àwa la máa yọ àwọn oníṣọ́fúwíà lẹ́nu títí wọ́n á fi tún iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n fi wá ṣe pàṣán ni, mi ò sì rí ẹ̀bi wọn.

Windows 7, ní 2009, ló gbé ìpele mẹ́rin wá fún bí àpótí náà ṣe máa béèrè tó, kí kálukú fà á sókè tàbí wálẹ̀. Èmi náà ti fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá rí, níbi tí kì í ti í béèrè mọ́. Mo gbé sọ́fúwíà PDF ọ̀fẹ́ kan sórí ẹ̀rọ, kí n tó jẹun ọ̀sán tán, prógíráàmù mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí ti ń polówó ọjà fún mi.

Àkáǹtì méjì ló wà lórí ẹ̀rọ mi báyìí. Ti oníbàárà ò lágbára ádímínì, ìdí nìyẹn tí pásíwọ́ọ̀dù fi yọ sí ọmọ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka àpótí náà. Iwájú Publisher, ìyẹn ẹni tó ṣe sọ́fúwíà náà, Unknown ló wà níbẹ̀: wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ No, mo yọ fláàṣì rẹ̀ fún un.