Àwọn èlò fẹ́ǹsì tí òfin Dallas kà léèwọ̀ ní àdúgbò ibùgbé

Ní ìlú Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ra ilẹ̀ kò lè fi ohun tó bá wù ú ṣe fẹ́ǹsì yí ilé rẹ̀ ká. Orí 51A nínú ìwé òfin ìlú náà, tó dá lórí lílo ilẹ̀ àti ilé kíkọ́, dárúkọ àwọn èlò tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ọdún 1926 ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìlú Euclid ní Ohio àti ilé-iṣẹ́ Ambler Realty, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìlú láṣẹ láti pín ilẹ̀ sí ẹkùn, kí ó sì ṣòfin lórí ohun tí onílẹ̀ lè ṣe ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan.

Páànù pẹlẹbẹ àti páànù onígbì, irú èyí tí a fi ń bo ilé, jẹ́ èèwọ̀ ní Dallas. Bẹ́ẹ̀ náà ni plywood àti pátákó fáíbà onígíláàsì (fiberglass). Wọn ò gba ike náà, àfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fẹ́ǹsì láti ilé-iṣẹ́, tí nínípọn rẹ̀ kò dín ní íǹṣì 7/8. Kò ṣòro láti rí ohun tó da àwọn èlò wọ̀nyí pọ̀: omi òjò máa ń wú plywood títí yóò fi ṣí ní ìpele-ìpele, páànù ń dípẹtà, etí rẹ̀ sì lè ya èèyàn lára. Texas ni ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti mọ páànù tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ ká l'Ékòó kí ilé tó parí yóò rí i pé ibí yìí le díẹ̀.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni ìtàn rẹ̀ gùn jù. Joseph Glidden, àgbẹ̀ ará DeKalb ní Illinois, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ (patent) lórí irú èyí tó ṣe ní 1874. Ní 1876, John Warne Gates, tó ń tà á, polówó wáyà náà fún àwọn olówó màlúù ní San Antonio, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi í dínà mọ́ pápá tí gbogbo ẹran ti ń jẹ̀ fàlàlà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ọ̀nà omi dí mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà lóru, ìjà náà sì le gan-an ní 1883. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Texas ṣòfin pé ẹni tó bá gé fẹ́ǹsì ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 5 jura. Wáyà tí ìpínlẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n dáàbò bò nígbà náà ni ìlú Dallas wá kà léèwọ̀ fún onílé lónìí, pẹ̀lú wáyà abẹ tí wọ́n máa ń ká róbótó. Kìkì ẹkùn ibùgbé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òfin yìí yọ sílẹ̀. Níbi tí kì í ṣe ibùgbé, wáyà ẹlẹ́gùn-ún gbọ́dọ̀ wà ní fíìtì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, kò sì gbọdọ̀ yọ kọjá ààlà ilẹ̀.

Gíga náà ní òfin tirẹ̀. Ní àdúgbò tí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, fẹ́ǹsì iwájú ilé kò gbọdọ̀ ju fíìtì 4 lọ. Fẹ́ǹsì tí àlàfo tí ojú lè gbà ríran kọjá lára rẹ̀ kò tó ìdajì kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ààlà iwájú ju fíìtì 5 lọ. Ní ìkóríta, ohunkóhun ò gbọdọ̀ dí awakọ̀ lójú láàárín fíìtì 2.5 sí 8 láti ilẹ̀.

Onílé tó bá fẹ́ kọjá ìwọ̀n gíga lè bẹ ìgbìmọ̀ ìlú tó ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìgbìmọ̀ náà yóò sì wò ó bóyá yóò pa ilé aládùúgbò lára. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tún lè ní ìlànà tirẹ̀ lórí ti ìlú. Òfin ìpínlẹ̀ Texas ti 2021 kò jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dí onílé lọ́wọ́ láti ṣe fẹ́ǹsì nítorí ààbò, ṣùgbọ́n ó fi irú fẹ́ǹsì tí onílé lè ṣe sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti pinnu.