Kí ló dé tí ewédú kì í hù dáadáa àfi tó bá rí omi gbígbóná?

Ìbéèrè: Mo gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń bomi rin ín láràárọ̀, síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù. Kí ló dé tí èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbìn wá ń hù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá ààtàn?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ yín kọ́ ló burú, omi yín ò sì kéré. Èèpo hóró ewédú ló le. Hóró náà kéré bíńtín, ṣùgbọ́n èèpo tó bò ó kì í jẹ́ kí omi wọlé, hóró tí omi ò bá sì wọ̀ ò lè hù. Ó wà láàyè nínú ilẹ̀ o, ó kàn ń sùn ni.

Ààbò ló fi ń ṣe fún ara rẹ̀. Ẹ wo òjò àkọ́rọ̀: ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù kẹta, kí oòrùn tún mú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí gbogbo hóró bá hù lọ́jọ́ òjò yẹn, gbogbo wọn ni yóò gbẹ. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jí. Oòrùn tó ń mú lórí ilẹ̀ gbígbẹ àti iná tí wọ́n fi ń sun igbó wà lára ohun tó ń la èèpo náà. Ààtàn tí wọ́n ti ń sun pàǹtí ti rí iná. Ilẹ̀ yín tí ẹ̀ ń fi omi tútù rin ò rí i.

Ìbéèrè: Ṣé omi gbígbóná ò wá ní pa irúgbìn náà ni?

Ìdáhùn: Yóò pa á bó bá pẹ́ níbẹ̀. Èèpo ewédú le débi pé ooru á là á kó tó ráyè dé ọlẹ̀ inú hóró, ṣùgbọ́n àkókò náà kúrú gan-an. Ẹ di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná; bó bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, kí ẹ sì gbé e sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ gbé fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ. Láìsí yanrìn, ojú kan náà ni ọwọ́ yóò da gbogbo rẹ̀ sí, torí bó ṣe kéré tó. Ẹ fọ́n ọn, ẹ bu èèpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ẹ ó ti rí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó gé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, yóò tún rúwé.

Ìbéèrè: Ti ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ó ń tètè yọ òdòdó, ewé rẹ̀ ò sì tóbi.

Ìdáhùn: Ojúmọmọ ló kúrú. Bí ewédú bá ti rí i pé ilẹ̀ ń tètè ṣú, èso ló máa ń sáré so. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ ojúmọmọ oṣù kẹfà sí ti oṣù kejìlá ò tó wákàtí kan. Èèyàn lè má fura, ewédú fura. Ewédú yìí kan náà ni wọ́n ń gbìn ní Bangladesh àti Íńdíà nígbà tí ojúmọmọ wọn gùn. Ó ń ga ju èèyàn lọ kó tó yọ òdòdó, èèpo igi rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń hun àpò bí irú èyí tí a ń di kòkó sí. Ìgbẹ́ adìyẹ ò lè yí èyí padà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbìn ín kó há mọ́ra, kí ẹ sì tètè gé e.

Ìbéèrè: Mo já a tútù, mo sè é, kò fà. Ṣé dandan ni kaun?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan. Inú ewé ni ohun tó ń yọ̀ yẹn wà. Ó rí gbọọrọ bí okùn, bí ewé ò bá sì fọ́, kì í jáde. Iṣẹ́ ìjábẹ̀ nìyẹn. Bí iná bá wá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, okùn náà á já wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ á ṣàn bí omi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ sè é pẹ́ jù ni.

Kaun ń jẹ́ kí ewé tètè rọ̀, ó sì ń dá àwọ̀ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kaun àti iná ń ba fítámì C inú rẹ̀ jẹ́. Mo gbà pé kaun wúlò fún ewédú tó ti gbó tàbí tó ti sùn lọ́jà. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i. Ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ hó kí ẹ tó da ewé sí i, ẹ má dé ìkòkò kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Bó bá ti rọ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ já a, ẹ fi irú àti iyọ̀ sí i, ẹ sọ̀ ọ́. Blẹ́ńdà náà ń ṣe é, àmọ́ ó máa ń hó ìfófòó, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ lórí àmàlà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da irúgbìn tó ṣẹ́kù fún adìyẹ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ewé ni jíjẹ. Hóró rẹ̀ ní oró tó ń ṣe ọkàn léṣe, ti ènìyàn àti ti ẹran. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e pa, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó.