Lugano Ni Wọ́n Ti Kọ́kọ́ Wọn Iná Oòrùn Bó Ṣe Yẹ

Bí ẹ bá béèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iṣẹ́ sólà tó so mọ́ wáyà ìlú, Kalifọ́níà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Èmi ò gbà. Lugano ni, ní Switzerland.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Paris. Ní 1838, Claude Pouillet, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, rọ omi sínú agolo fàdákà pẹlẹbẹ kan, ó fi èéfín àtùpà kun ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ́ sí oòrùn, ó wá ń ṣọ́ bí omi náà ṣe ń gbóná sí i. Iye tó ṣírò fún agbára oòrùn sún mọ́ 1,228 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóròó. 1,361 ni wọ́n ń pè é lónìí. Omi àti èéfín lásán o! Lójú tèmi, ọmọ Pouillet ni gbogbo ẹni tó ń wọn sólà. Ẹni tí kò mọ iye oòrùn tó wọlé, kí ló fẹ́ fi wé iná tó jáde? Aṣọgbà tí kò mọ iye èbù tó gbìn kò lè sọ pé iṣu òun ta dáadáa.

Ní May 13, 1982, pánẹ́ẹ̀lì 288 bẹ̀rẹ̀ sí í ti iná sínú wáyà ìlú láti orí òrùlé kan ní Lugano. Kilowáàtì 10 péré ni, àmọ́ irú rẹ̀ kò tíì sí ní Yúróòpù. Wọ́n ń tú àwọn pánẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀, wọ́n ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá wọn padà. Lẹ́yìn ọdún 35, ó ju ìdajì wọn lọ tí agbára wọn ṣì lé ní ìdá 80 nínú 100 ti ìbẹ̀rẹ̀. Ibùdó sólà Carrizo ní Kalifọ́níà tóbi jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n wọ́n fi dígí da oòrùn bo pánẹ́ẹ̀lì títí àwọ̀ wọn fi yí padà, wọ́n sì tú u ká ní àwọn ọdún 1990.

Ispra ní Ítálì, tí kò jìnnà sí Lugano, ni wọ́n ti kọ ìlànà ìwọ̀n fún Yúróòpù. IEC 61724, ìlànà àgbáyé fún wíwọn iṣẹ́ sólà, dé ní 1998, wọ́n tún un ṣe ní 2017. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí kilowáàtì 10 bá rí oòrùn kíkún fún wákàtí 5, kilowáàtì-wákàtí 50 ló yẹ kí mítà iná kà, bó bá ka 40, ìdá 80 nínú 100 nìyẹn.

Ní 2022, ó kan ibùdó sólà Illoulofin ní Pọbẹ̀, láàárín àwọn Nàgó ilẹ̀ Benin: mẹ́gáwáàtì 25. Eruku ọyẹ́ tó bá bo pyranometer, ohun èlò tó ń wọn oòrùn, á mú kó ka oòrùn kéré, ìdá yẹn á wá ga láìnídìí. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ìdá gíga hàn ní Pọbẹ̀ nígbà ọyẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n nu ojú pyranometer náà kẹ́yìn.