Bí Ibùdó Ìlera Ṣe Ń Sin Ilé Iṣẹ́ àti Àdúgbò ní Òṣogbo

Ẹni tí ó rò pé ara òun dá ṣáṣá gan-an ni ibùdó ìlera, ibi tí a ti ń yẹ ara wò kí àìsàn tó hàn, ń wá kiri, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun ún, kí ó máa lọ síbi iṣẹ́, kí ó máa lọ sóde àríyá, títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ yóò fi rọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá bá ibùdó ṣe àdéhùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a kọ́kọ́ yẹ ibi iṣẹ́ náà wò. Ìṣòro akọ̀wé ìjọba tí ó jókòó láti àárọ̀ kì í ṣe ti jórinjórin. Bí ẹni méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra bá ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ó ṣeé ṣe kí ariwo ibẹ̀ ti tó dẹ́síbẹ̀lì 85, èyí tí ó lè ba etí jẹ́ bí ènìyàn bá ń wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́. Òṣogbo ìlú aró sì nìyí: sódà tí àwọn aláró ń lò máa ń jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ìmọ̀ràn lórí ẹ̀fọ́ jíjẹ dára fún aláró, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti omi mímọ́ nítòsí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò tó kàn, ibẹ̀ sì ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, tàbí tí ó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò lè ní ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí a lè gbára lé. Ó yẹ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá rẹ̀ sì wà ní ọ̀gangan àyà, kí a tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá tó 140/90, a óò tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí a tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá 180/120, tí àyà sì ń dun ẹni náà tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Àbájáde àyẹ̀wò jẹ́ ti òṣìṣẹ́, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀. Àròpọ̀ nìkan ni ibùdó ń fún ilé iṣẹ́, irú bíi iye ènìyàn tí ìfúnpá wọn ga, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n bá ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, àwọn tí ó mọ̀ pé ara àwọn kò yá gan-an ni kò ní yọjú, nítorí ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́.

Owó tí ilé iṣẹ́ ń san lè ran ibùdó lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ kan náà fún àdúgbò ní owó pọ́ọ́kú. Ní Ọjà Ọba, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yan àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ọjà tó kún. Ìdí mìíràn fún àfẹ̀mọ́júmọ́ ni pé ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, 126 mg/dL, tí ó ń tọ́ka sí ìtọ̀ ṣúgà wà fún ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Ìwọ̀n yìí kò bá ẹni tí ó ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà mu. Olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà kò ṣeé fò dá. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ kọjá lójúmọ́ kò tó gíráàmù 5, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sì ni ó ń bọ́ òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò pọ̀.

Ẹni tí àyẹ̀wò bá mú, ìwé ni a óò kọ fún un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró tàbí ibòmíràn tí ó sún mọ́ ọn. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, nítorí náà ó yẹ kí ibùdó bá ẹni tí kò ní in forúkọ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún pè é lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ó lọ, bóyá ó rí oògùn rà, àti bóyá ó ń lò ó.