Bí ẹ̀gbin ṣe ń kúrò nílùú Èkó láyé àwọn agbépòó

Ní Erékùṣù Èkó, láti nǹkan bí 1900 títí wọ àwọn ọdún 1930, kò sí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé ìgbẹ́ jáde nílé àwọn ará ìlú. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, omi ò sì jìnnà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ṣálángá kì í pẹ́ rí omi tó ń sun wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kànga tí wọ́n ń pọn mu wà ní tòsí. Ìdí nìyí tí ìlú fi gbára lé garawa, èyí tí wọ́n ń pè ní pòó.

Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbẹ́ máa ń wà. Wọ́n á mọ ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀, pòó á wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá ihò kékeré sára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n á fi pákó ṣe ìlẹ̀kùn sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, agbépòó á ti ìta ṣí ìlẹ̀kùn náà, á fa èyí tó kún jáde, á gbé e rù, ó di ibi tí wọ́n ń kó wọn jọ sí. Onílé ò ní láti jí. Fìtílà àti ìgbálẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bo ojú kí ará àdúgbò má baà dá wọn mọ̀. Àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá fi agbépòó ṣe yẹ̀yẹ́ lè jí bá ẹrù náà lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ló ń dáàbò bo ìlú, àbùkù ni ìlú sì fi ń kàn wọ́n. Kò dáa.

Ẹrù náà pọ̀ ju ohun tí orí nìkan lè rù. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí Afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù. Èrò ló kọ́kọ́ ń gbé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń kó pòó pẹ̀lú lọ sí etí ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dà á sómi. Ti èrò parí ní 1913, ti pòó ń bá a lọ títí di 1933. Ètò náà kò pa ẹ̀gbin run. Ó kàn ń gbé e kúrò lójú ni, ọ̀sà tí wọ́n ti ń pẹja ló sì ń gbà á.

Ti ilẹ̀ gbígbá rọrùn ju ìyẹn lọ: kálukú á gbá iwájú ilé rẹ̀, àwọn kólẹ̀kólẹ̀ á wá kó o.

Àmọ́ ta ló ń rí i pé onílé ṣe tirẹ̀? Wolé-wolé ni. Yóò wọ àgbàlá, yóò yẹ ilé ìgbẹ́ wò, yóò ṣí ìdérí àmù, yóò sì tẹjú mọ́ omi. Bí tanwíjí bá ń jà nínú rẹ̀, sámọ́ǹsì dé nìyẹn, kóòtù ló kù. Gómìnà William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, ti gbógun ti ẹ̀fọn àti irà láti ìgbà tó dé ní 1899. Ohun tó bí àwọn ará ìlú nínú yé èèyàn: kò sí ẹni tó fẹ́ kí àlejò máa yọjú sínú àmù rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn eku (èyí tí òyìnbó ń pè ní bubonic plague) tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924 fi ibi tí ètò náà kù sí hàn. Pòó lè máa jáde lóru, síbẹ̀ eku ń gbé nínú ilé tó há gádígádí, tí oúnjẹ wà káàkiri. Ní 1925, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ìlera Èkó. Ó tún iṣẹ́ wolé-wolé tò, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábà láti kọ́ wọn. Ní 1928, ìjọba dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Wọ́n wó àwọn ilé tó há ní Òkò Àwo, wọ́n sì la àdúgbò tuntun sí Yábà. Pòó ò tíì lọ. Lẹ́yìn òmìnira 1960, agbépòó ṣì ń rìn lóru Èkó.